Rafíátù, Bá Kòfí Jókòó Kí Ẹ Tó Kọ Ìlà Mìíràn

Tchaourou,
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Rafíátù, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ń jẹun? Mo kọ́kọ́ bi ọ́ ní ìwọ̀nyí kí o má baà sọ pé ìyá rẹ kò kí ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ara gbogbo wa le. Bàbá rẹ ti lọ sóko láti ìdájí. Ìyá àgbà ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn ará Kútọnu ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Mo ní rárá, ìjà ni wọ́n kọ́ ọ.

Lẹ́tà rẹ tí Tọ́ntọ̀n Múfù, àbúrò bàbá rẹ, mú bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ti ń ṣiṣẹ́, dé ọwọ́ mi lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan ní ìdúró, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ní ìjókòó. Jẹ́ kí n tún ohun tí o kọ sọ ní ẹnu tèmi, kí ìwọ fúnra rẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin márùn-ún lẹ jọ ń kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo fún òdinatẹ̀, ẹ̀rọ aṣírò tó wà ní bùrò, ibi iṣẹ́ yín. Iṣẹ́ náà ni yóò máa sọ iye àpò irúgbìn tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí abúlé kọ̀ọ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní apá tó ń kọ, ṣùgbọ́n gbogbo apá yẹn ni yóò di ọ̀kan, ẹnikẹ́ni nínú yín sì lè ní láti ka ti ẹnìkejì kó sì tún un ṣe. Kò sí ẹni tó sọ fún yín bí ẹ ó ṣe máa tò ó. Tí ìlà kan bá wà lábẹ́ òmíràn, ìwọ ń fi àlàfo mẹ́rin sí iwájú rẹ̀. Kòfí ń fi méjì sí i, nígbà mìíràn kì í fi nǹkan kan sí i. Ìwọ ń kọ orúkọ nǹkan ní kíkún, òun ń gé e kúrú bí ẹni tó ní láti ra lẹ́tà lọ́jà. O ní ìlà iṣẹ́ rẹ̀ dàbí ìgbẹ́ ewúrẹ́ lójú ọ̀nà Kika. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Kòfí lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta láti lọ sin àbúrò bàbá rẹ̀. Kó tó padà dé, o ṣí apá tirẹ̀, o tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìwọ ṣe fẹ́. O kò bi í. O kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, Kòfí ti kọ àwọn ìlà kan sínú rẹ̀ tó fi ń dán iṣẹ́ náà wò: ó dá abúlé mẹ́fà tí kò sí láyé sílẹ̀, ó sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn ìlà yẹn ló mọ̀ọ́mọ̀ tì mọ́ etí ìwé gan-an láìfi àlàfo sí i, kí ojú rẹ̀ lè tètè rí wọn nígbà tó bá fẹ́ yọ wọ́n. Ìwọ rò pé ìwà ọ̀bùn ni. O tì wọ́n wọlé sáàárín àwọn ìyókù, gbogbo rẹ̀ gún régé, ó lẹ́wà. Kòfí dé, ó wo etí ìwé, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó rò pé ẹnì kan nínú yín ti bá òun yọ wọ́n. Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe pín irúgbìn fún abúlé tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dé, tó sì dín ti àwọn abúlé tí ènìyàn ń gbé kù. Ó gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan láti wá ohun tó ṣẹlẹ̀ rí.

Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá yín, wá ní kí ẹ̀yin márààrún jókòó ní Ọjọ́ Ajé, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀nà kan tí gbogbo yín ó máa gbà kọ ọ́. Ìwọ ní o kò ní jókòó. O ní ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ló tọ́, pé ẹni tó mọ̀ kì í bá ẹni tí kò mọ̀ dìbò. O ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó wà lábẹ́ àwọn ìwé orí tábìlì rẹ. O ní kí n bẹ Tọ́ntọ̀n Múfù kó wá iṣẹ́ olùkọ́ fún ọ ní Parakou.

Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́. Ka lẹ́tà yìí tán kí o tó bínú.

Ọmọ mi, ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni mo fi jù ọ́ lọ. Tí a bá jọ wọ ọjà, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá. Ó máa ń dùn mọ́ mi, ó sì máa ń bà mí lẹ́rù, nítorí mi ò dàgbà tó láti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí ìyá mọ̀. Ohun tí mo bá mọ̀, mo ti fi ara gbà á. Mo fi kólẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní ọdún kẹrin nígbà tí mo lóyún rẹ. Mo ti sọ ọ́ fún ọ rí pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, mo sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà yẹn, kò tó fi ṣiṣẹ́ bùrò, ó sì pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ bá àwọn obìnrin oko ṣe. Àrùn tó ń ṣe ọ́ yìí, ó ti ṣe mí rí. Mi ò sọ ọ́ fún ọ nítorí ojú ń tì mí.

Ọdún náà, ìwọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Kika. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì ní oko àjọṣe. Dèlègé, aṣojú ìjọba, wá, ó sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Alafiarou, ilẹ̀ tó rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré kan. Obìnrin méjìlá ni wá. Èmi nìkan ló lè kọ Faransé, wọ́n bá fi mí ṣe akọ̀wé. Bíkì ìkọ̀wé kan, ìwé kàyé kan, mo ti di ọ̀gá lójú ara mi.

Kálukú ní apá tó ń kọ ebè sí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń roko, a jọ ń wa iṣu. Tàtá Bàkè wà lára wa. Baatọnu, ẹ̀yà Bàrìbá, ni, ó tó ìyá mi bí. Ebè rẹ̀ kò tò rárá. Ó dábùú ilẹ̀, ó wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún bí ẹni tó mutí yó. Àlàfo tó fi sáàárín wọn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ méjì lè pàdé níbẹ̀ láìfarakanra. Tèmi gún bí ìlà inú kàyé. Okùn ni mo fi wọ̀n ọ́n, láti òkè ilẹ̀ tààrà dé ìsàlẹ̀.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Tàtá, ebè yín ń dójú ti ẹgbẹ́. Tí dèlègé bá wá wò ó ńkọ́?”

Ó wò mí. Ó ní, “Dèlègé ń jẹ ebè ni, àbí ó ń jẹ iṣu?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gún mi lọ́kàn. Èmi tí mo mọ ìwé.

Lọ́sẹ̀ kejì, Tàtá Bàkè lọ sí Sanson, wọ́n ń ṣe ìkómọ nílé ọmọ rẹ̀. Mo kó àwọn mẹ́rin tí wọ́n kéré sí mi nínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn, mo na okùn, a tú gbogbo ebè rẹ̀ ká, a tún un kọ bí tèmi. Ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí a ṣe tán, mo gun orí àpáta kan, mo wo oko náà, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, orí mi wú. Mo mọ̀ pé ìwọ náà mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí ohun rúdurùdu bá tò lábẹ́ ọwọ́ ẹni. Ó ń dùn ju oyin lọ. Kì í jẹ́ kí ènìyàn béèrè nǹkan kan.

Tàtá Bàkè dé. Ó dúró ní etí oko.

“Sàlámátù, ẹ̀gúsí mi dà?”

“Ẹ̀gúsí wo, tàtá?”

“Èyí tí mo gbìn sáàárín ebè kí n tó lọ.”

Ìdí àlàfo gbígbòòrò nìyẹn. Ẹ̀gúsí ló máa ń fà sílẹ̀ níbẹ̀, tí yóò bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí koríko má ráyè hù. Mo ti ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ebè mi tó lẹ́wà. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Ó ní, “O rí i pé ebè mi dábùú ilẹ̀?”

Mo ní mo rí i.

“O bi mí ní ìdí rẹ̀?”

Mo ní mi ò bi yín.

“Ẹnu rẹ wà. Ẹnu mi wà. Ọkọ́ lo wá rán sí mi.”

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà fún un. Ebè tó dábùú ilẹ̀ ló ń dá omi dúró. Èmi ti tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ti la títì fún omi. Ó gba àárín poro mi tó gún régé, ó sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ sódò. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, èbù iṣu ń wò wá lójú níhòòhò, ti Tàtá Bàkè àti tèmi náà. Lọ́dún yẹn, iṣu tí a wà kò kájú èyí tí a gbìn.

Nítorí náà, gbọ́ èkínní. Kí o tó tún ohun tí ẹlòmíràn ṣe ṣe, bi í ní ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo rúdurùdu ló ní ìdí. Òmíràn jẹ́ ọ̀lẹ, òmíràn jẹ́ ìkánjú. Ṣùgbọ́n o kò lè mọ èwo ni èwo nípa wíwò lásán. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kòfí ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ìwọ oṣù mẹ́rin. Àwọn ìlà etí ìwé yẹn, àkísà rẹ̀ ni wọ́n. Ó ti jìyà níbì kan rí kó tó kọ́ bí a ṣe ń fi wọ́n síbi tí ojú ti lè rí wọn.

Ìkejì, èyí tí mo mọ̀ pé o ti ń gbèrò nínú ọkàn rẹ. Nígbà tí o bá rí i pé wọn ò ní gba tìrẹ, wàá sọ pé, “Ó dáa, kí kálukú máa kọ tirẹ̀ bó ṣe wù ú.” Má sọ ọ́. Èmi sọ ọ́. Ìtìjú ló mú mi sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan ebè ẹnikẹ́ni mọ́, kí kálukú ṣe bó ṣe mọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé mo ti gbọ́n. Nígbà tí ìroko dé, tí a jọ wọ inú apá ara wa, ariwo ni. Ẹnì kan gbin ẹ̀gúsí sí ọ̀tún, ẹnì kan sí òsì, ẹnì kan sórí ebè gan-an. Ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá la ń pe ara wa: “Níbo ni kí n tẹ̀?” “Ṣé koríko nìyí, àbí ewé rẹ ni?” Ìyá Síkírù, tí apá rẹ̀ kángun sí tèmi, ro gbogbo ẹ̀gúsí mi dànù. Mo bínú sí i, ó ní, “Sàlámátù, lọ́dọ̀ tèmi, ibi tí o gbìn ín sí yẹn, koríko ló máa ń wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún mi?” Kò sí ẹni tó sọ fún un lóòótọ́.

Kí kálukú ṣe bó ṣe wù ú dára nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Nínú oko tí ènìyàn méjìlá jọ ń ro, ìyà ni. Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ẹ̀yin márùn-ún bá ń kọ ọ́ ní ọ̀nà márùn-ún, ẹni tó bá wá ka iṣẹ́ yín lọ́la yóò máa lo agbára rẹ̀ láti mọ ta ló kọ ọ́ kó tó mọ ohun tó kọ.

Lẹ́yìn ìroko yẹn, Tàtá Bàkè ló pè wá jọ lábẹ́ igi èmi, igi òrí tó wà létí oko. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ọkọ́ títí a ó fi fohùn ṣọ̀kan. A jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Àpérò gidi ni, ó sì ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Ẹnì kan ní kí a máa fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo.

Ẹlòmíràn fèsì pé, “Ẹsẹ̀ ta ni? Ti Ìyá Síkírù nìkan, ebè kan ni.”

Ìyá Síkírù ní, “Ẹsẹ̀ yìí ni ọkọ mi kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú mi. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Èmi ní okùn ló dára jù, okùn kì í purọ́. Mo ṣàlàyé dáadáa, àní mo yàwòrán sílẹ̀. Tàtá Bàkè gbọ́ ọ tán, ó ní, “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n okùn wà lọ́wọ́ akọ̀wé nìkan. Tí akọ̀wé bá ń ṣàìsàn, ṣé oko náà yóò dùbúlẹ̀?” Ó ní kí a lo ẹ̀rú ọkọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń roko kì í ṣófo ọkọ́. A gé gbogbo ẹ̀rú ọkọ́ wa ní ìwọ̀n kan, ìwọ̀n yẹn ni àlàfo. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, Rafíátù. Lójú mi, ó tóbi jù, mo sì ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní. Mo tẹ̀lé e, lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gúsí hù, omi dúró síbi tó yẹ kó dúró, ẹni tó bá sì wọ apá ẹlòmíràn mọ ibi tí yóò tẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kí o mú ohun mélòó kan nínú ìjókòó yẹn lọ sí tiyín. Mi ò ní fi nọ́ńbà sí wọn mọ́, wọ́n ń wá sí mi lọ́kàn bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí òfin yín kéré. Ohun tí kò bá lè wọ ojú ìwé kan, kò sí ẹni tí yóò rántí rẹ̀. Iye àlàfo, bí ẹ ó ṣe máa sọ nǹkan lórúkọ, bí ìlà ṣe lè gùn tó, ibi tí àlàyé yóò máa wà. Ẹ kọ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹni tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ti lè rí i. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó dé lánàá lè lóye, nítorí ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Ẹ yan ibi kan fún ìdánwò. Àwa fi ìlà ebè tó sún mọ́ igi èmi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dán nǹkan tuntun wò, gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó bá wà níbẹ̀, eré ni. Àmì tí Kòfí ń lò fún àwọn ìlà ìdánwò rẹ̀, ó dára. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kó sì gbà á. Ìwọ ni kí o dábàá pé kí àmì yẹn di ti gbogbo yín. Ìwọ, kì í ṣe òun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu rẹ jáde, yóò wo ibi tí ó ti rò pé ọ̀tá wà, kò ní rí i mọ́.

Ẹ má tú gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ ká lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa kò tú ebè tí èbù ti wà nínú rẹ̀. Ohun tuntun ni kí òfin tuntun kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá sì ní láti to ti àtijọ́, ọjọ́ tí ẹ bá ń to ìlà, ẹ to ìlà nìkan. Ẹ má to ìlà kí ẹ sì tún yí iṣẹ́ padà ní ọjọ́ kan náà. Bó bá bàjẹ́, ẹ ò ní mọ èyí tó bà á jẹ́. O kọ́ èyí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o kàn ń bínú jù láti mọ̀ pé o ti kọ́ ọ ni.

Bí ẹnì kan bá gbàgbé òfin, ẹ fi ọwọ́ hàn án. Má fi ẹnu nà án. Mo mọ ẹnu rẹ, inú mi ló ti jáde.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tìrẹ dára jù lóòótọ́. Mi ò mọ̀. Bó bá dára jù, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, sọ ọ́ kó yéni, fi àpẹẹrẹ kan hàn wọ́n, kí o sì dákẹ́. Àlàfo méjì tí ènìyàn márùn-ún gbà sàn ju mẹ́rin tí ẹnì kan ń fi ìbínú tẹ̀. Kò sí ìwà rere tàbí ìwà búburú nínú àlàfo mẹ́rin, ọmọ mi. Ìwọ lo fi í síbẹ̀.

Mo wá dé ibi tó le. O kọ ọ́ pé ìwọ nìkan ni obìnrin láàárín wọn, pé bí o bá jókòó, wọn ò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ sí, pé wọ́n ń pè ọ́ ní “kamarádì kékeré” tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn dùn mí. Mo ronú lé e títí. Ẹ̀rù ń bà mí fún ọ, ojoojúmọ́ ló ń bà mí, mi ò ní fi pamọ́. Mi ò sọ pé kí o tẹrí ba fún ẹni tó ń fojú tẹ́ ọ. Bí ẹnì kan bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o ti dúró. Bó bá tún gbà á, tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí o lò, ojú ni kí o má gbé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ti “kamarádì kékeré,” wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Ti iṣẹ́ Kòfí, ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́. Má fi èkínní bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí o bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ohun tí wọn yóò máa sọ ni pé obìnrin kan wá, ó ba iṣẹ́ jẹ́, ó sá lọ. Ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé ọ dé bùrò yẹn ni yóò jìyà rẹ̀.

Kí o sì ronú lórí èyí pẹ̀lú. Òjò kò dúró de ìjà yín. Irúgbìn tí ẹ ń pín yẹn, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń bọ̀. Bàbá rẹ ti ṣán ilẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí lánàá pé, “Kí ni Rafíátù wí nípa irúgbìn?” Mo ní o ní ẹ ń ṣe é lọ́wọ́. Mo purọ́ fún ọkọ mi nítorí rẹ. Sọ irọ́ yẹn di òótọ́ fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, mi ò sì bẹ̀ ọ́, mo ń sọ fún ọ ni. Kí Ọjọ́ Ajé tó dé, bá Kòfí jókòó, ẹ̀yin méjì péré. Má dúró di ìgbà tí gbogbo wọn bá pé, ẹ̀bẹ̀ tí a bá bẹ̀ níwájú èrò máa ń dàbí eré. Sọ pé, “Kòfí, mo tú iṣẹ́ rẹ ká láìbi ọ́. Má bínú. Fi hàn mí ìdí tí o fi ń kọ ọ́ báyìí.” Má fi “ṣùgbọ́n” kún un. Mo mọ̀ pé “ṣùgbọ́n” yẹn yóò ti dé etí ètè rẹ. Gbé e mì. Kí o sì gbọ́ èsì rẹ̀ tán. Èmi kò bẹ Tàtá Bàkè títí ó fi di ọdún kejì, nígbà tí mo sì bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Mo ti ń retí rẹ látìgbà yẹn, ó ti ń rẹ̀ mí.” Má jẹ́ kí ó rẹ Kòfí.

Lẹ́yìn náà, fa lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn ya. Ní Ọjọ́ Ajé, jókòó. Gba ohun kan tí o kò fẹ́ràn. Fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ rẹ ní kíkún.

Bí ẹ bá ti fohùn ṣọ̀kan, tí o tẹ̀lé òfin yín fún oṣù mẹ́ta, tí ọkàn rẹ sì ṣì ń fà sílé, máa bọ̀. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, èmi fúnra mi ni n ó bá Tọ́ntọ̀n Múfù sọ̀rọ̀. Ilé yìí kì í kọ ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá fún ìjókòó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò tún sá fún òmíràn ní Parakou, yóò tún sá fún òmíràn nílé ọkọ.

Tọ́ntọ̀n Múfù ń wọ ọkọ̀ ojú irin lónìí. Mo ní kó gbé lẹ́tà yìí fún ọ ní bùrò ní òwúrọ̀ ọ̀la, kì í ṣe nílé. Tó bá jẹ́ ilé ni, wàá dùbúlẹ̀ lé e lórí, wàá sunkún, wàá sì kọ èsì olójú ìwé mẹ́wàá sí mi. Mi ò fẹ́ èsì. O sọ fún mi pé yàrá tó kàn tìrẹ ni Kòfí ń jókòó sí.

Pa lẹ́tà yìí dé, Àṣàkẹ́. Dìde.

Ìyá rẹ,
Sàlámátù.